Pákó Kẹta

"Ẹ wò mí dáadáa," ni káfíńtà wí bó ṣe fìdí kan àga ní ọ́fíìsì lọ́yà. "Láti òní lọ, èmi kì í ṣe ẹni tí ìyàwó rẹ̀ já bọ́ lórí àtẹ̀gùn tó sì kú lásán mọ́. Èmi ni olùpẹjọ́. Bí onílé wa bá gbọ́ orúkọ yẹn, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ewé."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fà á láṣọ. "Bàbá, ẹ rọra. Wọn ò tíì pè yín bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n máa pè mí. Mo ti dán an wò níwájú dígí."

Lọ́yà, obìnrin tí kò lè ju ọmọ yìí lọ lọ́jọ́ orí, rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ṣí fáìlì. "Bàbá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tó wá gbé ọ̀rọ̀ síwájú adájọ́, òun ni olùpẹjọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Onílé lè jókòó kó máa wo àjà. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe làálàá."

"Làálàá ò tíì pa káfíńtà rí."

"Ó dáa. Onílé ní àtẹ̀gùn òun ò léwu. Mo fẹ́ kí adájọ́ rí pákó kẹta tó kán nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó ṣì wà?"

Káfíńtà bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kejì ìsìnkú."

"Èyí tó kán ńkọ́?"

"Mo dáná sun ún. Mo dúró tì í títí ó fi di eérú."

"Ẹ ya fọ́tò ẹ̀?"

"Ta ní í ya fọ́tò ọ̀tá?"

Lọ́yà rọra pa fáìlì dé. Káfíńtà ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ọdún méjì gbáko ni ìyàwó mi fi bẹ̀ mí pé kí n tún pákó yẹn ṣe," ó wí. "Mo ní iṣẹ́ onílé ni, kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo wá pààrọ̀ ẹ̀, ogún ìṣẹ́jú péré ló gbà mí."

Ọmọ rẹ̀ gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Àtẹ̀gùn yẹn ò mì mọ́, ṣá," ó wí. "Mo gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ yìí."