Àgbàdo Orí Àjà

Ẹ̀bà ni Tíṣà Ayọ̀dàmọ́lá jù mọ́ ògiri.

Ọjọ́ Sátidé ni. Láti Ayétòrò ló ti máa ń gun ọ̀kadà wá sí Ìmàsàyí láti kọ́ Azeezat ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ló sì jẹ́ kó fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá. Àwọn iṣẹ́ yòókù kò ni í lára. Ilé ló ti kàwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti rọ láti kékeré, kò lè rin ọ̀nà ilé-ìwé, bàbá rẹ̀ ló fi sùúrù kọ́ ọ lórí ẹní títí ọlọ́jọ́ fi dé, tó fi ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já sílẹ̀ fún un. Tíṣà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ìyá Àṣíáwù, ìyá tó bí bàbá Azeezat, ló ń se oúnjẹ náà, ó sì máa ń fi ẹja sí i ju bí agbára rẹ̀ ti mọ.

Ìgbàgbọ́ Tíṣà ni pé ọ̀rọ̀ tí ojú kò bá rí kò lè wọ orí. Ọ̀rọ̀ eré sísá àti ọ̀rọ̀ nǹkan jíjù ni wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní irú wọn kì í wọ́n nínú ìdánwò. Nígbà tó kan “dart” àti “bolt”, ó sáré já láti ìdí ìbẹ́pẹ dé ìdí kànga, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Azeezat fẹ́ dìde kó lè rí i dáadáa. Tíṣà ní kó jókòó, pé ìyẹn kò kàn án, kó ṣáà há a sórí. Ó rẹ́rìn-ín. Azeezat náà rẹ́rìn-ín, torí ojú ń tì í, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìró.

Fún “toss”, Tíṣà ju ẹ̀pà sókè, ó fi ẹnu hán an. Fún “fling”, ó mú bàtà Azeezat kan, ó sọ ọ́ sórí òrùlé aládùúgbò. Ìgbà tó máa fi kan “hurl”, oúnjẹ ti dé iwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè tó tó ìkúùkù, ó rì í sínú ọbẹ̀, ó fa apá sẹ́yìn, ó sì là á mọ́ ògiri gbàà. Ẹ̀bà náà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Epo ń ṣàn sílẹ̀ láti ara rẹ̀ bí ikun imú ọmọdé.

“Ṣé o ti rí i?” ni Tíṣà wí, ó ń lá ìka. “O ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́ láé.”

Òótọ́ ló sọ. Azeezat ló fi ọ̀bẹ ha ògiri náà nírọ̀lẹ́. Èèrà ti bò ó, ẹja inú rẹ̀ ti ń rùn, ó sì fi ìró bo imú bó ṣe ń ha á. Nílé tí wọ́n ti ń ṣa ẹyọ ẹ̀wà kan ṣoṣo tó bá bọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé kí ọkùnrin yìí má wá mọ́, pé ara òun kọ̀ ọ́. Ìyá Àṣíáwù gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun náà rí i, ó dun òun, ṣùgbọ́n ta ni àwọn tún fẹ́ rí báyìí? Ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Azeezat gbé e mì.

Ní Sátidé kejì, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú bọ̀. Tíṣà dé, orógbó lẹ́nu rẹ̀. Ó ní “smash” ló kù, nǹkan tó máa fọ́n ká ni òun ń wá. Ó wo ìkòkò omi. Azeezat ti fara bò ó. Ni Tíṣà bá gbójú sókè sí àjà ilé ìdáná.

Òṣùṣù àgbàdo kan so rọ̀ níbẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni. Irúgbìn ni. Àgbàdo funfun oníhóró wẹ́wẹ́ tí ìyá Ìyá Àṣíáwù dì fún un nígbà tó ń ti Àfọ̀n bọ̀ wá sílé ọkọ. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń so tuntun kọ́ sínú èéfín kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ebi ti pa wọ́n rí nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kò nawọ́ mú un jẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé ni wọ́n fẹ́ gbin tọdún yìí.

Kí Azeezat tó wí nǹkan kan, Tíṣà ti já òṣùṣù náà. Ó gbé e ga kọjá orí, ó sì fi lu ilẹ̀ simẹ́ńtì.

Hóró fọ́n ká àgbàlá bí yìnyín. Àwọn adìẹ já dé láti ibi gbogbo, ọrùn níwájú, ìyẹ́ nílẹ̀. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní kí Azeezat wò wọ́n, pé “bolt” tí àwọn kọ́ lọ́jọ́sí ló ń sáré bọ̀ yẹn.

Ìyá Àṣíáwù jáde látinú yàrá. Ó kúnlẹ̀ lórí simẹ́ńtì pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ń fi ọwọ́ kan lé adìẹ, ó ń fi ìkejì ṣa hóró sínú ìró.

“Màmá, ẹ fi í lẹ̀ jàre,” ni Tíṣà wí. “Ṣé àgbàdo wọ́n lọ́jà Ìgbógìlà ni?”

Ó sún mọ́ Ìyá Àṣíáwù bó ṣe ń sọ ọ́, bàtà rẹ̀ ń run hóró. Orógbó tó ti rún tán lẹ́nu, ó tu ú pẹ̀lú itọ́. Àárín irúgbìn ló bọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ arúgbó náà, itọ́ rẹ̀ ń fà yọ̀ọ̀, ó ń hó. Ìyá Àṣíáwù yẹ ọwọ́ díẹ̀, ó ń ṣa ìyókù lọ.

Azeezat kò mọ ìgbà tó dìde.

“Tíṣà, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ ṣà á.”

Tíṣà wò yíká bí ẹni tí kò mọ ibi tí ohùn ti wá. “Èmi?”

“Ẹ̀yin lẹ tú u.”

“Ìwọ arọ yìí.” Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Ta ló máa wá kọ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì?”

Azeezat mú báàgì Tíṣà lórí àga. Báàgì náà wúwo, ìwé kún inú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Tíṣà ti kọ́ ọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà pàápàá ti gbé apá bo ojú. Ṣùgbọ́n ara Azeezat kọ jíjù náà, bí ara ṣe ń kọ abọ́ tí ẹlòmíràn ti tutọ́ sí. Ó rọra wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gba àárín hóró kọjá láìtẹ ọ̀kan, ó dé ẹ̀bá títì, ó sì gbé báàgì náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin sílẹ̀. Ó ní kí Tíṣà máa lọ, kó má padà wá.

Tíṣà ń bú wọn lọ títí ariwo ọ̀kadà fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Hóró tó kù kò kún igbá ìmumi. Ìyá Àṣíáwù ní kí wọ́n da èyí tí itọ́ bà fún adìẹ. Azeezat kọ̀. Ó fi eérú àti omi tútù fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, imú rẹ̀ ṣún jọ ní gbogbo ìgbà náà.

Wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ Mọ́ńdé. Ebè mélòó kan péré ló kárí. Bí Ìyá Àṣíáwù ṣe ń ju hóró sínú kòtò, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó bi Azeezat pé kí ni òyìnbó ń pe irú jíjù yìí. Azeezat ní Tíṣà kò dé ibẹ̀, òun máa wò ó nínú ìwé bàbá òun.

Nírọ̀lẹ́, ó ṣí ìwé náà. Ìdánwò kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Ó yí àga rẹ̀ padà kó tó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ògiri, nítorí àbàwọ́n epo yẹn kò tíì kúrò níbẹ̀.