Ìgbakọ Wà Lọ́wọ́ Ìyá Ṣàkírát

Nígbà tí gáàsì tún gbówó lórí lẹ́yìn ọdún Iléyá, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń gbé ilé kan náà ní Igbó-Elérin jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n sì fẹnu kò pé iná kan ṣoṣo ni gbogbo ilé yóò máa dá. Kálukú yóò mú ohun tí agbára rẹ̀ bá ká wá, wọn yóò sè é nínú ìkòkò kan, wọn yóò sì pín in. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá iná tirẹ̀ mọ́, ì báà ṣe omi tíì ló fẹ́ sè.

Ìyá Ṣọlágbadé ló dàgbà jù nínú wọn. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, opó ni, ó sì ń tọ́ ọmọ-ọmọ méjì. Mosúnmọ́lá, tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ́sítéètì Ìbà, ní ọmọkùnrin kan, Tìmílẹ́hìn, tí oúnjẹ kì í tó. Ẹnì kẹta ni Sàdíátù, ará Ìṣẹ́yìn, tó ń ta ata gígún ní Ìyánà-Ìbà. Ọkọ rẹ̀, Ìdrís, ń pe èrò ní gáréèjì Òkokomaikò. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Ṣàkírát, ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Ta ni yóò máa bù ú?" Mosúnmọ́lá ló béèrè. "Ibi ìbùsí yẹn ni ìjà máa ń gbé o."

"Kì í ṣe èmi," Ìyá Ṣọlágbadé dáhùn. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bí ọbẹ̀ bá kán sílẹ̀, ẹ ó ní mò ń fún òkú ọkọ mi lóúnjẹ."

"Èmi náà kọ́, mà. Bí ìgbakọ bá bọ́ sí ilé tiwa, Tìmílẹ́hìn á jẹ ìgbakọ mọ́ ọn." Mosúnmọ́lá yíjú sí Sàdíátù. "Ìyá Ṣàkírát ni kí ó máa bù ú. Ẹni tó ń wọn ata láàárín ọjà, tí oníbàárà kan ò fa aṣọ ya mọ́ ọn lára rí."

Bí wọ́n ṣe fi ìgbakọ lé Sàdíátù lọ́wọ́ nìyẹn.

Ó gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n kó oúnjẹ sí: ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí nínú ike ọ̀dà tó fọ̀ mọ́ tónítóní, tó tò sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kó àlùbọ́sà sínú àpò onínẹ́ẹ̀tì, ó gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Ìdájí ló ti ń rẹ ẹ̀wà sómi kí ó lè tètè jinná. Bí ìrẹsì bá ti hó dáadáa, yóò pa iná, yóò fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé ìkòkò náà, yóò sì gbé e sínú páálí. Ooru inú rẹ̀ ni yóò parí ìyókù. Sílíńdà tí kì í tó ilé kan tẹ́lẹ̀ wá ń tó ilé mẹ́ta. Àwọn ará ilé kejì yọjú wá wò ó, wọ́n ní kí Sàdíátù wá kọ́ àwọn náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ẹja rà ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Sàdíátù ti pín in tán, àwọn ọmọ sì ti jókòó ti abọ́ wọn, nígbà tí Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wo inú abọ́ Ṣàkírát.

"Háà! Ẹ wá wo orí ẹja! Ẹni tó mú ìgbakọ, ọmọ rẹ̀ ò ní febi sùn láyé!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sàdíátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán. Ní agbo ilé tí wọ́n bí i sí ní Ìṣẹ́yìn, ìyáálé kan ti fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé ẹni tó ń se oúnjẹ kì í gbààwẹ̀. Ilé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀rín ti di ẹjọ́, ẹjọ́ sì ti di ẹrù tí ìyá rẹ̀ dì kúrò nílé ọkọ. Títí obìnrin náà fi kú, olè inú ìkòkò ni wọ́n ń pè é.

Láti ọjọ́ kejì, abọ́ Ṣàkírát ni Sàdíátù ń bù sí kẹ́yìn. Bí ìkòkò bá pọ̀, ó bù ú níwọ̀nba. Bí kò bá pọ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ha fún un. Bí Tìmílẹ́hìn bá na abọ́ wá lẹ́ẹ̀kejì, Sàdíátù kì í fi í du ú, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ni. Ti Ṣàkírát ni ó ti ń bu ohun tí ó fi kún un. Ti Sàdíátù gan-an tilẹ̀ kéré ju ti ọmọ lọ. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé àdánù díẹ̀ ni, àti pé orúkọ rere tọ́ sí i.

Ìyá Ṣọlágbadé kíyè sí abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣàkírát, ọmọ dáadáa, wá gba díẹ̀ sí i nínú tèmi."

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀.

"Gbà á," Sàdíátù wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ṣé o ò gbọ́ pé Màmá ní kí o gbà á ni?"

Ẹnu rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko, kò sì ṣẹ́. Ṣàkírát ti mọ èwo nínú méjèèjì ni òfin láti ìgbà tó ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sílé onílé.

"Mo ti yó, mà. Ẹ ṣeun, mà."

"Ẹ ò rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" Ìyá Ṣọlágbadé yí sí Mosúnmọ́lá. "Tìmílẹ́hìn tìẹ ńkọ́? Òun ì bá ti gba abọ́, kí ó tún béèrè omi."

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ o, mà. Ikùn bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé."

Ìyìn náà dùn mọ́ Sàdíátù. Látìgbà náà, nílé ara rẹ̀, ọmọ náà ń jẹun bí àlejò.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ léraléra, ọjà ata kò sì lọ dáadáa. Gbogbo ohun tí Sàdíátù bá rí ń wọnú ìkòkò ilé. Ṣàkírát kò sáré kiri àgbàlá mọ́. Ó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ń sùn ní kíláàsì.

"Kí ló dé tí ọmọ yìí rí báyìí?" Ìdrís béèrè lọ́jọ́ ìsinmi kan. "Ọrùn rẹ̀ ti gùn."

"Ó ń ga ni," Sàdíátù fèsì. "Bí àwa ará ilé wa ṣe máa ń ga nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ti ibi ìwẹ̀ dé, ó bá ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gààrí. Ó ti ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀. Kò kó ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò mú un, Màmá. Mo kàn ń gbóòórùn rẹ̀ ni."

Sàdíátù dúró, omi ń kán lára rẹ̀. Ó dé ike náà, ó gbé e sórí pákó tó ga jù lọ.

"Gbogbo ilé ló ni ín," ó wí. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti pinnu pé òun yóò fi ìgbakọ kan gbáko kún ti Ṣàkírát. Ó bu ẹ̀wà náà. Mosúnmọ́lá dúró nítòsí, ó ń to abọ́, ó ń kọrin lábẹ́nu, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Sàdíátù dúró lókè abọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì da ẹ̀wà náà padà sínú ìkòkò.

Ọjọ́ kẹta sí i, Ṣàkírát dákú lórí ìlà àpéjọ òwúrọ̀ nílé ìwé. Mosúnmọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ rí pè, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sún mọ́ ibẹ̀. Òun ló gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbà. Nígbà tí Sàdíátù fi máa dé, ata ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ti ń wọ ara ọmọ náà láti inú ike tí wọ́n gbé kọ́ sókè.

"Ibà wà lára rẹ̀," nọ́ọ̀sì sọ, "ṣùgbọ́n ibà nìkan kọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọmọ yìí ò jẹun tó, ó sì ti pẹ́. Kí ló jẹ lánàá?"

"Ẹ̀wà."

"Ó pọ̀ tó kí ni?"

Sàdíátù ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò, ó fi hàn án. Mosúnmọ́lá wo ọwọ́ náà.

"Ìyá Ṣàkírát, ìyẹn kọ́ lẹ bù fún Tìmílẹ́hìn."

"Rárá."

"Ìyẹn kọ́ lẹ bù fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn!"

"Ojú yín ni mo ti ń bù ú lójoojúmọ́."

"Abọ́ ọmọ tèmi ni mò ń wò!" Ohùn Mosúnmọ́lá ti ga. "Ẹ ì bá ti sọ̀rọ̀! Tiwa wà nínú ìkòkò yẹn, tiyín náà sì wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ fi ebi pa ọmọ?"

"Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ orí ẹja."

Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ gbàgbé. Nígbà tó rántí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Eré ni mo ṣe, Ìyá Ṣàkírát. Ọlọ́run gbọ́, eré ni."

"Eré náà ni wọ́n fi lé ìyá mi nílé ọkọ."

Nígbà tí ọmọ náà lajú dáadáa, nọ́ọ̀sì gbé ògì tí wọ́n fi mílíìkì sí wá, ó ní kí ó mu ún díẹ̀díẹ̀. Ṣàkírát wo ife náà. Lẹ́yìn náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Mo ti yó, mà," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ ṣeun, mà."

"Mu ún, ọmọ mi," Sàdíátù bẹ̀ ẹ́. "Tìrẹ ni. Èmi ni mo ní kí o mu ún."

Ọmọ náà kò wo ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń wò. Ojú náà ti pọ́n, omijé kún inú rẹ̀, gbogbo iṣan rẹ̀ sì ti fà le nítorí ẹkún tó ń fagbára dì mú. Ṣàkírát kò rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju líle náà lọ.

"Mo ti yó, Màmá. Mi ò gbà á."

Sàdíátù kúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí i, kí ojú náà lè rọ̀. Ọmọ náà ti mọ ẹ̀rín yẹn náà. Ó fà sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ẹnu rẹ̀ pa.

Nọ́ọ̀sì ti rí i tó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Kí ẹni tó gbé e wá dúró tì í."

Ìyá Ṣọlágbadé ni Sàdíátù bá lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

"Ṣé ó ti lajú?"

"Ó ti lajú, mà."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Mo ti sọ ìrẹsì kalẹ̀, àwọn ọmọ yòókù ti gbé abọ́ jókòó. Mi ò mọ bí o ṣe máa ń pín in."

"Ẹ bù ú bó ṣe wù yín, mà."

"Bí ìjà bá dé ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà."

Ìyá Ṣọlágbadé sún, Sàdíátù sì jókòó tì í. Láti inú yàrá, wọ́n ń gbọ́ ohùn Mosúnmọ́lá, tó ń rọ ọmọ náà bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ: ó yá, lanu, ó tún kù.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Mosúnmọ́lá jáde, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó mu ún. Ó mu ún tán."

Sàdíátù dìde, ó sì ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Mosúnmọ́lá kò yà fún un.

"Ẹ dúró ná," ó sọ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. "Ó ń béèrè bóyá òmíràn wà. Ó ní kí ẹ má tíì wọlé."