Síkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Dún

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ní ìlú Káírò, Vesna ọmọ ilẹ̀ Sérbíà fi mẹ́fà sí òdo, mẹ́fà sí òdo nà mí lórí pápá tẹ́nìsì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Èmi Olútóyìn, tí ìwé ìròyìn ti ń kọ orúkọ mi gàdàgbà! Oorun ló pa mí. Yàrá kan náà ni wọ́n fi èmi àti Vesna sí, àmọ́ nígbà tí aago orí tábìlì mi fi máa dún, òun ti jáde lọ. Mo sáré dé pápá láìjẹun, okùn bàtà mi ṣì ń wọ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà sílé, ìtìjú kò jẹ́ kí n lọ sí ìdíje mọ́, mo di kóòṣì àwọn ọmọdé ní Gowon Estate. Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí, iṣẹ́ wà o, iṣẹ́ kò sí o.

Vesna ní tirẹ̀ ń gòkè. Ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Užice ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá, torí wọn kò ní pápá. Nígbà tó fi pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ipò ogóje ló wà nínú gbogbo obìnrin tó ń fi tẹ́nìsì jẹun láyé. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń já bọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ipò ẹgbẹ̀ta ó lé. Ìdíje kékeré kan fẹ́ wáyé ní Erékùṣù Èkó, ló bá kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé ṣé mo lè gba òun sílé. Mo ní kó máa bọ̀.

Ó jókòó nínú pálọ̀ mi, ó ní, "Tóyìn, bí mo bá fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́ níbí, ó parí nìyẹn. Màá lọ máa bá bàbá mi ká èso lóko."

Kò fi ṣeré rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi tún dùn díẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ni pápá náà ní aṣọ funfun nìkan làwọn á gbà. Síkẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta ni Vesna ní, ìdánrawò ọjọ́ méjì sì ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di aláwọ̀ eruku. Ó bi mí pé ta ló lè bá òun fọ̀ wọ́n. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.

Ẹni tó bá mọ Abdulganiyy, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Hamdalah, alágbàfọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́nà Ìdímù ní Ẹgbẹ́dá, á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ ni, àmọ́ sùtánà àwọn Aládùúrà ló ń bọ́ ọ. Ìjọ mẹ́ta ló ń fọ̀ fún. Lójú tirẹ̀, aṣọ funfun tí kò bá lè dá dúró, ìwà àrífín ni sí Ọlọ́run. Á fi búlúù ṣàn án, á rì í sínú sítáàṣì tó ki bí ògì, á wá lọ̀ ọ́ títí etí aṣọ náà á fi lè gé búrẹ́dì. Wòlíì Adéríbigbé sọ fún mi rí pé bí òun bá gba sùtánà lọ́wọ́ rẹ̀, òun kì í lè kúnlẹ̀ títí wọ́n á fi kọ orin kẹta.

"Kóòṣì, ta ló ni eléyìí?" Ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kan sókè. "Ti ọmọdé ni àbí?"

"Ti àlejò mi ni, Bàbá Hamdalah. Ó fẹ́ fi gbá tẹ́nìsì."

"Ṣé kí n ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti là á yé bàbá náà pé kí wọ́n má fi sítáàṣì sí i. Mo rántí Káírò. Mo ní, "Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é," mo sì yára wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí eré bẹ̀rẹ̀ ni Vesna tó tú ọ̀rá aṣọ náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan bí páálí. Ó fi èékánná kan ọ̀kan, ó dún kó. Ó yíjú sí mi.

Mo ní, "Bí a ṣe ń bọlá fún àlejò níbí nìyẹn."

Kò sí òmíràn, ó wọ̀ ọ́. Bó bá sáré, aṣọ á máa dún kàrà, kàrà. Bó bá fò, á dún pà! Ọmọ Túnísíà tó ń bá a gbá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọ inú àwọ̀n nítorí rẹ̀, ló bá lọ fẹjọ́ sùn. Adájọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ síkẹ́ẹ̀tì náà, ó yẹ ìwé òfin wò, kò ríbi tí wọ́n ti dárúkọ sítáàṣì. Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn. Vesna jẹ sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní mẹ́fà sí méjì. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi pé ó tún ń borí.

Ní sẹ́ẹ̀tì kejì, oòrùn mú. Sítáàṣì tí òógùn bá wọ̀, ẹ mọ ohun tó ń dà. Síkẹ́ẹ̀tì náà di lẹ́ẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀, ó di pé kó gbá bọ́ọ̀lù kan kó tún ṣí aṣọ kúrò lára. Ó lọ wọ èkejì, ìyẹn náà ṣe bákan náà. Mẹ́fà sí oókan ni wọ́n nà án. Ó lọ jókòó, ó da tówẹ̀lì borí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Ẹkún ni.

Ara mi bù máṣọ. Èèyàn tó ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ kan, tí abẹ méjì kò lé e kúrò nídìí rẹ̀, sítáàṣì Ẹgbẹ́dá ló fẹ́ lé e lọ sóko, èmi ni mo sì rán an sí i. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ ní Káírò ló wà nídìí mi lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ wá ni, kí síkẹ́ẹ̀tì náà lè fojú rí ìtìjú Vesna. Mo fa Vesna lọ sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, mo bọ́ ọ fún un, èmi wọ ẹ̀kẹta tó gan náà. Bí mo ṣe ń pàtẹ́wọ́ lórí ìjókòó ni ìdí mi ń dún, táwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn.

Síkẹ́ẹ̀tì tí kò jẹ géèmù kankan rí láyé rẹ̀ jẹ méje lọ́jọ́ náà. Méje sí márùn-ún ni Vesna fi borí ní sẹ́ẹ̀tì kẹta. Ìgbà tó dì mọ́ mi, mo sunkún ju òun lọ.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà bọ̀ wá sílé, mo pinnu pé màá jẹ́wọ́. "Vesna, ọ̀rọ̀ kan wà..."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi," ó ní. "Mo dá síkẹ́ẹ̀tì yìí mọ̀. Ní Káírò, ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Nígbà tí o sùn, mo dá aago rẹ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Díẹ̀ ló kù kí n wa ọkọ̀ wọ gọ́tà. Ọdún mọ́kànlá! Aago mẹ́rin ìdájí! Èmi gan-an ni mo máa ń jí àkùkọ àdúgbò! Mo lanu kí n bú u, mo rántí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, mo gbé e mì.

"Kí ni ìwọ fẹ́ sọ?" ó bi mí.

"Kò sí nǹkan, jàre."

Nígbà tí mo kó aṣọ ìpele kejì lọ sí Ẹgbẹ́dá, Bàbá Hamdalah ti gbọ́. "Kóòṣì, ẹ rí i pé sítáàṣì mi ṣiṣẹ́! Ṣé kí n fi kún un?"

"Rárá o. Ẹ má jẹ́ kó kan síkẹ́ẹ̀tì rárá." Mo yí padà, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo tún padà wá. "Àmọ́ sọ́kìsì wà níbẹ̀ o."

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́."

Wọ́n ní ọmọ wọn á gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ eré. N kò gbé aago kankan sórí tábìlì. Ìgbà tí mo máa lajú, oòrùn ti wọ yàrá, aago mẹ́jọ ti kọjá, Vesna sì ń pariwo orúkọ mi láti pálọ̀ pé kí n wá wo sọ́kìsì òun tó dá dúró lórí tábìlì. Mo fa aṣọ borí, mo tún sùn.