Oókan Péré Ni Hosiyat Fún Un

Ògiri àgbàlá Hosiyat wó lulẹ̀, gbogbo àdúgbò ní ìlú Marghilon sì ń wò ó bó bá ń lọ sí ṣáláńgá. Ìyẹn kò dùn ún: kí ló kù lára ìdí arúgbó tí wọ́n fẹ́ wò? Òjò tó ń ṣú bọ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bí àgbàrá bá gba ibẹ̀ wọlé, yàrá tó ń sùn sí ló máa kọ́kọ́ gbé lọ.

Ló bá bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ẹgbẹ́ rẹ̀ ká ṣòkòtò, wọ́n ń fẹsẹ̀ po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ. Ìrẹsì ẹlẹ́ran àgùntàn ti ń hó lórí iná.

Àfi bí Shuhrat, ọmọ yunifásítì kan, ṣe wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń dán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá àgbà. A ń ṣèwádìí bóyá àwọn tó ti fẹ̀yìntì fẹ́ràn iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni. Ẹ fún un ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún."

Hosiyat ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda náà ni ìjọba àtijọ́ ń pe iṣẹ́ àfipáṣe ọjọ́ Sátidé, ẹni tí kò bá sì yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó gbé! Bó bá ní òun fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n lè kó gbogbo wọn lọ sóko òwú báyìí. Ta ló máa wá parí ògiri?

"Oókan! Bí òdo bá wà, òdo ni kó o kọ!"

"Oókan lèmi náà!" Ergash, awakọ̀ katakata nígbà kan rí, ké látinú amọ̀. "Èmi ò yọ̀ǹda nǹkan kan rí o. Ìyàwó mi pàápàá, tipátipá ni!"

"Òpùrọ́! Ta ló ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi?" Sanobar ìyàwó rẹ̀ ju ẹrẹ̀ lù ú lẹ́yìn.

Shuhrat wo ẹrẹ̀ tó bò wọ́n dé itan. "Kí wá lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Ọ̀wẹ̀ ni. Ògiri mi ló wó. Èwo ni tìjọba níbẹ̀?"

"Ó dáa. Ìbéèrè tó kù…"

Gbogbo ẹsẹ̀ dúró kí wọ́n lè gbọ́. Ààrá sán. Hosiyat wo òkè, ó wo ògiri.

"Bọ́ bàtà ẹ, ọmọ mi. Inú ẹrẹ̀ ni wàá ti máa béèrè. Ẹsẹ̀ tó bá dúró ò ní jẹ ìrẹsì."

Shuhrat bọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀. Hosiyat ní kóun gbá a mú, àwọn méjèèjì bá fìdí lélẹ̀, ìyá àgbà sì só lóhùn rara.

"Ààrá tún sán o!" ni Ergash wí. Hosiyat fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí òjò dé, wọ́n ti mọ ògiri tán, wọ́n ti ta ọ̀rá bò ó. Wọ́n ń jẹun ní yàrá tó gbẹ táútáú.

"Ìyá àgbà, ṣé kí n yí máàkì yín padà? Ọ̀gá mi á ní ẹ ò láàánú."

"Má fọwọ́ kàn án! Òrùlé Ergash la máa ṣe ní Sátidé. Tètè dé."

"Ṣé tipátipá ni?"

"Ṣó o rò pé mò ń bẹ̀ ẹ́ ni?"