Ẹja Tó Lẹ̀ Mọ́ Agbada

Waliyah ṣì ń ṣe opó nígbà tí Fàlílátù, ẹ̀gbọ́n Síkírù ọkọ rẹ̀ tó kú, wá gbé agbada irin tí Waliyah fi ń dín ẹja lọ.

"Ìyá wa ló ni ín," ni Fàlílátù wí. "Síkírù ò sì sí mọ́."

Lóòótọ́, ìyá ọkọ ló ni ín kó tó kú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni Waliyah ti ń fi dín ẹja lẹ́nu ọ̀nà Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Òun ló fi ń bọ́ ilé nígbà tí ọ̀sà ò bá fún Síkírù ní nǹkan kan, kí ọ̀sà náà tó wá gbé e lọ. Kò lè jà. Opó kì í jáde lọ pariwo níta. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó rẹ̀ pé, ó ra agbada alúmíníọ̀mù kan tó ń dán yanran, ó sì dáná lẹ́yìnkùlé láti dán an wò. Epìyà àkọ́kọ́ tó sọ sínú rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó fi ṣíbí họ ọ́. Awọ dúró nísàlẹ̀, ẹran rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Aládùúgbò kan yọjú, ó ní, "Ìyá Toyyibah, ṣé ẹ dín in ni àbí ẹ gún un?"

Ó gbé agbada náà tọ Màmá Agnes lọ, ìyá àgbà Ìlàjẹ kan tó ń ta ìkòkò. Ìyá náà fi ìka kàn án.

"Ó fúyẹ́ jù. Irin tó wúwo ni kó o rà. Gbé e kaná títí á fi máa rú èéfín, fi òróró pa á, kó o tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí á fi dúdú. Nu omi ara ẹja gbẹ. Tó o bá sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná, má fọwọ́ kàn án. Tó bá jinná, fúnra rẹ̀ ló máa ṣí."

Waliyah ra agbada irin kan tó wúwo, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹja rẹ̀ jáde ní odindi, tòun tawọ. Ó ru ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí ọjà.

Fàlílátù ló bá níbẹ̀, tó ń dín ẹja nínú agbada àtijọ́. Àwọn oníbàárà Waliyah tò síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo máa ń jókòó sí nìyí."

"Ibi tí ìyàwó Síkírù máa ń jókòó sí ni." Fàlílátù ò gbójú sókè. "Síkírù dà?"

Àwọn tó ti ń jẹ ẹja Waliyah láti ọjọ́ yìí wá ń wo ilẹ̀. Waliyah wo òróró tó ń hó. Ó ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá fi ẹsẹ̀ kan péré ta ààrò yẹn dànù. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ó ru ẹrù rẹ̀ padà sórí, ó kúrò níbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó Toyyibah, ọmọ rẹ̀, lọ sí Ìgbògbò ní Ìkòròdú, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti fún un ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹja rẹ̀ ò lẹ̀ rárá. Àwọn ọlọ́kadà ra mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ó dùn, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó ti àwo ẹja tó kù.

"Màámi, ìgbà wo la máa padà sílé?"

Waliyah yọ egungun kúrò nínú ẹja, ó fi ẹran rẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ.

"Jẹun," ló wí.