Òkú Fíríísà Tó Fẹ́ Wọ Ọkọ̀ Ẹja

Bí olóko kò bá tètè mú olè, olè á mú olóko. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò purọ́. Èmi Soliat, ìyàwó Sàídì apẹja, ni olóko tí mò ń wí. Ẹni tó sì fẹ́ mú mi lọ́jọ́ náà níwájú ṣọ́ọ̀bù Barnabas ní Àpòmù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ọlọ́run Ọba má jẹ̀ẹ́ kí a rí ìbínú tó ju agbára wa lọ, nítorí tọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò ju fíríísà lọ. Kì í ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́ o. Ta ni yóò fa iná wọ inú omi? Òkú fíríísà ni àwa tí à ń pẹja ní Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti dí odò náà lẹ́yìn Ìkirè, ń gbé sínú ọkọ̀. A ó yọ ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ dànù, a ó da yìnyín sínú rẹ̀, ẹja tí a bá ń pa á máa bọ́ síbẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán le tó le, ẹja á ṣì máa wò wá bí ẹni tó fẹ́ kí wa. Ṣùgbọ́n èyí tí a ní ti gbó. Ìdérí rẹ̀ ti já, omi ti wọ fóòmù inú ògiri rẹ̀, yìnyín tí a bá dà sí i láàárọ̀ á ti di omi kí oòrùn tó gun orí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀pìyà tí Sàídì pa ti rọ̀ kó tó dé èbúté. Ọmọ́wùmí olóúnjẹ ní Ìkirè, tó ń ra gbogbo ẹja wa, fi ìka tẹ ọ̀kan, ìka wọlé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Tawheed," ó ní, "mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún gbé irú èyí wá, ẹ má yà lọ́dọ̀ mi mọ́. Àwọn tó ń sin ẹja ti ń wá bẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Bí n kò bá rí àpótí tí yóò di yìnyín mú kí ọkọ̀ tó tún wọ omi, oníbàárà kan ṣoṣo tí a gbójú lé ti lọ nìyẹn.

Barnabas ni ó ń tún fíríìjì ṣe ní Àpòmù. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni, orin ìsìn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwọn fíríìjì tó ti kú sì tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí aláìsàn níwájú ilé ìwòsàn.

"Ìyá Tawheed! Ṣé òkú lẹ wá sin, àbí òkú lẹ wá rà?"

"Òkú tó dára ni kí o fún mi. N kò fẹ́ èyí tó ti rà."

Okùn wà lọ́wọ́ mi, tí mo fi wọn àyè tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì nínú ọkọ̀. Mo ti so kókó síbi tí àyè náà parí sí. Fíríísà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n gùn kọjá kókó okùn. Dígí ni ojú ìkejì, irú èyí tí wọ́n ń kó ẹlẹ́rìndòdò sí.

"Èyí rẹwà," Barnabas ní.

"Ẹwà la fẹ́ sè jẹ ni? Oòrùn á gba ojú dígí wọlé, ẹja á ti jinná ká tó délé."

Mo fi ìka kan ògiri ẹ̀kẹta, ó dún kóó-kóó bí igbá òfìfo. Fóòmù inú rẹ̀ ti jẹrà. Èyí tó kù ti kọjú sí ògiri lẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà tí mo kàn án, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bí ikùn ẹni tó yó. Mo ní kí Barnabas da omi sí i. A dúró, a ń wo ìdí rẹ̀, kò jò. Rọ́bà ìdérí rẹ̀ ṣì rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu àpótí bí ọmọ mọ́ ọmú. Okùn mi sì bá a mu rẹ́gí.

"Èyí ni," mo ní. "Bá mi yí i síta."

Barnabas gbọ́n omi inú rẹ̀ ku díẹ̀, ó yí i. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ̀wé síwájú rẹ̀ gàdàgbà: SÀRÁÀ FÚN ALHAJA RAHEEMAT ÀBẸ̀KẸ́. LÁTI ỌWỌ́ ỌMỌ WỌN, ALHAJI ÀBÍDÌ.

Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé fíríísà náà fún mọ́sáláásí àdúgbò wa ní Ìkirè nígbà fídáù ogójì ọjọ́ wọn, kí àwọn ènìyàn lè máa rí omi tútù fi ṣínu, kí láádá rẹ̀ sì máa bá ìyá ní sàréè. Àlòkù ni, ó ti rí ayé kó tó rí wa. Ó ṣiṣẹ́ lóṣù ààwẹ̀ kan, ó dákẹ́. Ládàánì pe Bàbá Humairah. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, n kì í dárúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ládàánì pè títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, àwọn ará mọ́sáláásí gbé e tọ Barnabas wá, Barnabas ní ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe mọ́, wọ́n sì ní kó fi ṣe ohun tó bá wù ú.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo fọwọ́ pa orúkọ náà. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wa wọ ọkọ̀." Mo pe Sàídì lórí fóònù, inú tirẹ̀ náà dùn, ló bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fún wọn ní ìròyìn ayọ̀. Ẹ wá wo ọkùnrin!

Ojú ọ̀nà ni Bàbá Humairah wà, wọ́n ń ti Ìbàdàn bọ̀, wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Gbọ̀ngán. Kí a tó rí ẹni tó máa bá wa gbé fíríísà, jíìpù wọn ti dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Humairah. Ẹ kú ọ̀nà."

"Má kí mi! Ìyá mi lo fẹ́ máa kó ẹja lé lórí? Orúkọ mi, èmi Àbídì, ni kí ẹja máa rùn lára ẹ̀ létí odò, kí àwọn tó mọ̀ mí máa wò ó?"

"Mọ́sáláásí ti fi í sílẹ̀, Bàbá Humairah. Ó ti kú."

"Bó bá kú, ibẹ̀ ni kó kú sí! Ibẹ̀ ni mo gbé e sí, ibẹ̀ ló ń padà lọ. Dírẹ́fà, ṣí ẹ̀yìn mọ́tò!"

"Tó bá débẹ̀, ṣé ẹ ó tún un ṣe?"

"Kò kàn ẹ́."

"Ṣé wọ́n á rí omi tútù mu nínú rẹ̀?"

"Mo ní kò kàn ẹ́! Ìyàwó ilé ni ẹ́. Ìyàwó tó bá mọ ara ẹ̀ kì í bá ọmọ ilé jiyàn lórí ìyá tó bí i."

Nǹkan já nínú mi. Sùúrù ni baba ìwà, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n baba náà lọ́jọ́ tí í jáde nílé. Dírẹ́fà ti di etí fíríísà mú. Mo ká ìró mi sókè díẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú àpótí náà, mo gbé ìkejì, mo sì jókòó sínú omi tó ṣẹ́kù níbẹ̀.

"Ó yá," mo ní. "Ẹ gbé wa."

Àwọn ọlọ́kadà tó wà lódì kejì títì dìde lórí ọ̀kadà wọn. Ọ̀kan kígbe, "Mádàámù don enter freezer o!"

Barnabas fọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá Tawheed, ẹ ó dì o!"

"Iná wo ló fẹ́ fi dì mí?"

Dírẹ́fà jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá Humairah na ìka sí mi. "Jáde níbẹ̀!"

"Mi ò ní fi ìwọ pè yín, nítorí ẹ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ tẹnu mi lónìí. Ẹ ní ẹja ń rùn. Kí ni ìyá yín tà? Ẹ sọ fún wọn! Ṣé góòlù ni wọ́n pàtẹ ní ọjà Àpòmù níbí? Ẹja yíyan ni! Èéfín ẹja ló pọ́n wọn lójú, èéfín ẹja náà ló rán yín nílé ìwé tí ẹ fi mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ sára fíríísà!"

"Sọ ọ́ o!" obìnrin kan pariwo láti ìdí àtẹ iyọ̀ rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ja, mo mọ̀ ọ́n!"

Ẹsẹ̀ ààrò ìyá náà ni mo ti kọ́ oríkì wọn. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ. Mo gbóhùn sókè láti inú àpótí:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Àpòmù,
ó yan ẹja, yan ẹja, kò yan ènìyàn lódì.
Ẹlẹ́ja tí kì í gbàgbé ọmọ òrukàn,
ó fi èéfín bora kí ọmọ lè rí aṣọ wọ̀.
Àbẹ̀kẹ́ ò kúrò nídìí ààrò,
gbogbo agboolé sì yó!"

Omijé gbóná lójú mi, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó bọ́. "Nígbà tí wọ́n wà lórí ẹní, èmi ni mo ń bu omi sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ń bọ̀, ẹ ń bọ̀. Bí ẹ ṣe ń bọ̀ wá tún fíríísà ṣe náà nìyẹn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ wá ru igbá yín, èmi rèé nínú rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Ọlọ́kadà kan ti sọdá wá, ó ti na fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú fíríísà, ó ń kà á sókè bí ọmọ ilé kéwú: "Alhaji... À-bí-dì. Ta ni Àbídì níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Humairah wo fóònù náà, wọ́n wo ọ̀dà pupa náà. Wọ́n gbé agbádá wọn lé èjìká. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, Barnabas ni wọ́n kọjú sí.

"Orí omi gan-an ni wọ́n máa gbé e sí?"

"Orí omi ni, Alhaji."

"Ẹni tó bá ń gba orí afárá Ọ̀ṣun kọjá á rí i?"

"Wọ́n á rí i, sà."

Mo ń retí kí wọ́n ní kí Ọlọ́run forí ji ìyá wọn. Mo ń retí kí wọ́n wò mí lójú. Wọ́n súnmọ́ Barnabas, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà.

"Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, orúkọ ìyá mi lè wà níbẹ̀. Bá mi fi ọ̀dà pa orúkọ tèmi rẹ́."