Ìwé Ìwọ̀n Àbúrò Mi

Káfíńtà ni mí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ti gba ife ẹ̀yẹ ayò ṣẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ wa. Lọ́dún yìí, àbúrò mi obìnrin, aránṣọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Abẹ́rẹ́, ló kù tí a jọ máa ta àṣekágbá. Èmi ni mo kọ́ ọ láyò náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kí n má parọ́. Ta ló fẹ́ kí àbúrò na òun lójú àwùjọ?

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ gba ṣòkòtò mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti lọ ra bọ́tìnnì. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ṣí i pé kí n wo ìwọ̀n ìbàdí mi ni o. Láàárín ìwọ̀n àyà nọ́ọ̀sì kan àti gígùn apá tíṣà kan ni mo ti rí bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayò wa, ìgbésẹ̀ méje gbáko. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ pé: "Bí Ẹ̀gbọ́n bá gbé bíṣọ́ọ̀bù jáde níbí, ó parí fún mi."

Ó yẹ kí n pa ìwé náà dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Olè ni mo jà, mo sì mọ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, Abẹ́rẹ́ ti ọmọ ogun síwájú, ó gbé ẹṣin, bí mo ṣe kà á gẹ́lẹ́. Nígbà tó gbé ìgbésẹ̀ keje, n ò tiẹ̀ ronú. Mo gbé bíṣọ́ọ̀bù jáde kíá, mo fẹ̀yìn ti àga bí ọ̀gá.

Kò wo ayò mọ́. Èmi ló ń wò.

Ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe ni mo kọ sínú ìwé yẹn. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bíṣọ́ọ̀bù yẹn máa kó bá yín. N ò tíì pa á rẹ́ ni. Ká ní ẹ ronú ni, ẹ ò ní gbé e."

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Kò pẹ́ tí ayaba rẹ̀ fi há ọba mi mọ́ igun, ó sì na mí. Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mí rárá.

Alága ẹgbẹ́ ní kí Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dorí kodò, mo ń retí ẹ̀tẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi. Wọn ò sì rẹ́ mi jẹ rí."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n dìde kí àwọn rí mi dáadáa, mo sì dìde.